Ìpẹtà Inú Ìkòkò Àárín

Àpótí Ìyàwó ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìdájí. Ẹnikẹ́ni kò gbé e jáde, ẹnikẹ́ni kò sì gbé e padà sí yàrá. Ó kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun yí padà, gbogbo ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn.

Màmá Alágbàfọ̀ ti fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kí agogo méje tó lù. Kò wo àpótí náà lójú. Ẹni tí kò tíì lọ, a kì í kí i pé ó dàbọ̀.

Ohun tó ń wò ni ìkòkò mẹ́ta tí wọ́n tò lé orí ara wọn lẹ́bàá ògiri àgbàlá. Asẹ́ omi ni. Iyanrìn wà nínú èyí òkè, èédú wà nínú èyí àárín, ìkòkò ìsàlẹ̀ ló sì ń gba omi tó bá ti la àwọn méjèèjì kọjá. Tó, tó, tó, bẹ́ẹ̀ ni omi náà ń kán láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ rèé. Màmá lè jókòó tì í títí oòrùn á fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ohun tuntun kì í kọjá níwájú rẹ̀ kó má bi í léèrè ọ̀nà ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó èédú náà dé, ó mú ẹyọ kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi eyín kàn án, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń fi dúdú fọ omi, ẹ bá mi wá ọ̀nà tí màá fi máa fi iyẹ̀pẹ̀ fọ ṣẹ́ẹ̀tì.”

Kànga ló fa gbogbo rẹ̀. Ilé mẹ́rin ló ń pọn ọ́n. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó tutù, ó sì dùn débi pé Màmá máa ń fi ahọ́n rẹ̀ yangàn: gbé ife omi mẹ́wàá síwájú rẹ̀, yóò mú ti kànga wọn jáde láìṣi ẹyọ kan. Àfi lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi dé, tí wọ́n bù ú sínú ìgò, tí wọ́n mi orí, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kun ọrùn kànga yíká. Wọ́n ní oró kan wà nínú òkúta abẹ́ ilẹ̀ tó ń yọ́ sínú omi náà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ahọ́n ò mọ̀ ọ́n. Ásẹ́níìkì lorúkọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà mọ́. Àwọn ará ilé bi wọ́n pé kí wá ni kí àwọn máa mu. Wọ́n ní omi ẹ̀rọ ń bọ̀. Páìpù omi ẹ̀rọ náà dé lóòótọ́. Ó wà nínú kòtò ní ìpẹ̀kun òpópónà títí di òní, adìyẹ ti yé sínú rẹ̀, ó ti pa, àwọn ọmọ adìyẹ náà ti di ìyá.

Láti inú ilé, ohùn ọmọ rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ jíjó irin pọ̀ ló ń ṣe, Wẹ́dà ni gbogbo ayé ń pè é, ìyá rẹ̀ pàápàá.

“Ẹ̀wà yìí kò jinná.”

“Ó jinná dé ibi tí omi rẹ̀ mọ,” ni Ìyàwó fèsì. “Omi rírà tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì, bóyá ni yóò kún agbada kan. Èwo ni kí n ṣe níbẹ̀? Ṣé kí n fi se ẹ̀wà ni àbí kí n mu ún?”

“Omi asẹ́ ńkọ́?”

“Títí Oníbébà á fi wá yẹ̀ ẹ́ wò ná.”

“Ṣebí ọ̀sẹ̀ méjì la ti ń mu ún. Lẹ́ẹ̀mejì ló sì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló dáa.”

“Ó dáa nígbà tó ṣì ń pọ́n díẹ̀ nínú ife. Láti ijẹta ló ti ń mọ́ gaara, ó wá ń dùn bí ti kànga. Mo mu ún fún ọjọ́ méjì, ara mi ò gbà á, mo fi í sílẹ̀.”

“O bínú sí omi torí pé ó mọ́?”

“Omi tó mọ́ náà ni wọ́n kun ní ọ̀dà.” Ṣíbí kan bọ́ sínú àwo. “Ohun tí mo sọ lánàá ni mo tún ń sọ lónìí. Tí bébà ọmọ yẹn bá dúdú, ọkọ̀ agogo mẹ́rin ni mò ń wọ̀ lọ sílé ìyá mi. Ibẹ̀ ni màá bí ọmọ yìí sí. Ìwọ lè máa mu tìrẹ fún ẹnì kan. Èmi, ẹni méjì ni mò ń mu ún fún.”

“Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, ta ni yóò gbé e padà wá síbí?”

Oyún Ìyàwó ti pé oṣù méje. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ tí Màmá yóò gbé ni.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ wọlé lọ sọ fún Ìyàwó pé kó fọkàn balẹ̀, pé omi tó mọ́ yẹn, ọwọ́ òun ló mú un mọ́. Ó pa á mọ́ra. Ó fẹ́ kí Oníbébà fúnra rẹ̀ rí i, kó sì ya ọmọ náà lẹ́nu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni Màmá fi omi asẹ́ ṣan aṣọ ìbùsùn oníbàárà kan, aṣọ funfun báláú. Nígbà tó gbẹ lórí okùn, àpá pupa rúsúrúsú kan wà ní àárín rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ìpẹtà. Alágbàfọ̀ kì í bi ìpẹtà léèrè orúkọ, ó mọ̀ ọ́n láti òkèèrè bí adìyẹ ṣe mọ àṣá. Màmá tú asẹ́ wò nígbà tí kò sí ẹnìkankan nílé, ó sì rí i: èédú inú ìkòkò àárín ti pọ́n káàkiri, bí ìṣó tó sun ìta. Ó káàánú rẹ̀. Ó kó o sínú agbada, ó fún ogún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pò ó, ó ṣàn án ní omi mẹ́rin títí èédú náà fi dúdú bí ẹyinjú. Ó dá a padà, ó to ìkòkò rẹ̀ lé ara wọn, ó sì pàtẹ́wọ́ eruku dànù. Àpá ara aṣọ ìbùsùn náà nìkan ló kù tí kò tíì rí àyè yọ.

Oníbébà wọlé ní agogo mẹ́jọ. Ọmọbìnrin kan ni láti ilé ìwé gíga tó ń kọ́ nípa omi, ó gùn, ó sì tinrín bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ, àpò rẹ̀ kún fún ìgò àti bébà pélébé tó jẹ́ kí wọ́n fún un lórúkọ yẹn. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé asẹ́ náà wá. Ó rí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá, kò sì bèèrè. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa.

Ó bu omi asẹ́ sínú ìgò kan, ó da ìyẹ̀fun kan sí i, ó tún da òmíràn sí i, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́. Ó yára dé e. Ihò wà lórí ìdérí náà, ó sì ti há bébà funfun kan sórí ihò náà, tó jẹ́ pé atẹ́gùn tó bá ń jáde nínú omi ni yóò máa fẹ́ sí i lójú.

“Bí oró bá wà níbẹ̀, á bá atẹ́gùn gòkè, á sì fi ara rẹ̀ hàn lójú bébà,” ó tún ṣàlàyé, nítorí ó ti mọ̀ pé Màmá fẹ́ràn kí wọ́n tún un ṣe. “Ogún ìṣẹ́jú.”

“Bí olè tó gba ojú àjà jáde tó já sí ọwọ́ ọlọ́dẹ,” ni Màmá wí.

Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, Oníbúrẹ́dì ti yọ orí lókè ògiri. Ààrò búrẹ́dì rẹ̀ wà ní ìhà kejì, kànga kan náà ló sì ń pọn.

“Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé ọ̀dà.”

“Ilé ọ̀dà yìí kan náà lo ti ń pọn omi tó o fi ń po ìyẹ̀fun,” ni Màmá fèsì.

“Èmi ń sun tèmi nínú iná, Ìyá Alágbàfọ̀. Ohun tó bá ń mí, kò lè yè é nínú ààrò mi.”

“Ìyá,” ni Oníbébà wí jẹ́jẹ́, “oró yìí kì í mí. Ohun tí kò mí, iná ò lè pa á. Bí a bá ń se omi náà, omi ni yóò máa lọ, oró á dúró, á sì tún ki sí i.”

Oníbúrẹ́dì wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. “Sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ọmọ yìí. Oníbàárà ń bọ̀.”

Wẹ́dà àti Ìyàwó ti jáde sí àgbàlá, Wẹ́dà ló sì kọ́kọ́ rí bébà náà. Ó gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀ kalẹ̀. Ojú bébà náà ti kúrò ní funfun, ó ti kọjá pupa rúsúrúsú, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀ tí òjò pa. Oníbébà mú káàdì àwọ̀ rẹ̀ jáde, ó gbé bébà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sún un lọ, ó tún sún un lọ, títí ó fi kan ibi tí wọ́n máa ń gbé bébà omi kànga fúnra rẹ̀ sí.

“Kò yé mi,” ó wí.

“Ó yé mi,” ni Oníbúrẹ́dì wí láti orí ògiri. “Mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èédú. Bí èédú bá ń fọ nǹkan, ṣé ojú èmi tí mo ń dá iná láti ọdún pípẹ́ ni yóò rí báyìí?”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ráyè tirẹ̀. Wẹ́dà ti kọjú sí Ìyàwó.

“Ìwọ lo ń da omi sí i. O dà á jù ni? O fi ọṣẹ kàn án?”

“Èmi.” Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. “Èmi tí mo sọ pé omi yìí yí padà. Òun náà ni mo wá lọ bà jẹ́.” Ó rìn lọ síbi àpótí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kò gbé e, kò fi í sílẹ̀.

Oníbébà ti sọ ìkòkò òkè kalẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò àárín, ó bu èédú jáde sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ń dán. Ó fi ìka rà á, ó wo ìka náà.

Màmá jókòó sórí àpótí ọṣẹ rẹ̀, ó ń wo ọmọ náà bó ṣe ń wo èédú. Nǹkan kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú rẹ̀, bí èèrà tó wọ abẹ́ aṣọ. Abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹni tó ń bèèrè ti mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ni ìdáhùn rẹ̀ yóò bà sí.

“Ọmọ mi, dákun,” ó wí. “Nínú ìkòkò yẹn, ta gan-an ló ń mú olè? Ṣé èédú ni?”

“Èédú nìkan kò lè dá a mú, Màmá. Ilé oníyàrá púpọ̀ ni èédú, ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, ojú wa ò lè rí i. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó ń ṣọ́ yàrá, olè á gba iwájú wọlé, á gba ẹ̀yìn jáde. Ìdí nìyẹn tá a fi fi irin sí i. Bá a ṣe sun ṣùkù àgbàdo tán nínú àgbá tá a dé pa, a rẹ ẹ́ sínú omi irin, irin náà sì dípẹtà mọ́ ọn lára. Ìpẹtà yẹn ni oró ń lẹ̀ mọ́.”

“Ìpẹtà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìpẹtà pupa yìí náà, èyí tó máa ń ba aṣọ jẹ́.”

Àwọn aṣọ orí okùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Màmá wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo pẹpẹ tó ń kó ọṣẹ sí, níbi tí ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́sàn-án tó kù tò sí bí ẹlẹ́rìí.

“Èmi ni mo fọ̀ ọ́,” ó wí.

“Ẹ fi omi ṣàn án?”

“Mo fi ọsàn fọ̀ ọ́. Ogún ẹyọ. Ijẹta ni. Mo rí ìpẹtà lára rẹ̀, mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni.”

Àgbàlagbà kì í sábà jẹ́bi níwájú ọmọ rẹ̀, nítorí náà Wẹ́dà kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ìyàwó ló jókòó. Orí àpótí rẹ̀ ló jókòó lé. Ó ka ìka kan, ó ka ìkejì, ọjọ́ méjì tó mu omi náà kó tó fi í sílẹ̀, ó sì gbé àwọn ìka méjèèjì lé ikùn rẹ̀. Ìbá jẹ́ pé ó bínú ni, Màmá ì bá rí ibi gbá mú.

“Ọjọ́ méjì kọ́ ló ń pani,” ni Oníbébà wí, Ìyàwó ló ń wò. “Ọdún ni oró yìí fi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ká ṣáà má fi kún un ni.”

“Ká má fi kún un,” ni Ìyàwó tún un wí. “Agogo mẹ́rin ni ọkọ̀.”

Ẹlòmíràn ì bá wọlé lọ sunkún. Màmá náà fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

“Ọmọ mi,” ó wí, “ohun tí ọsàn bá yọ, báwo la ṣe ń dá a padà?”

“Nílé ìwé, ọjọ́ méjì ló ń gbà wá, Màmá. Oògùn tá a fi ń ṣe omi irin náà sì ti tán. Wọ́n ní wọ́n ti kọ̀wé béèrè òmíràn.”

“Ìwé yẹn ti wà lọ́dọ̀ páìpù nínú kòtò,” ni Wẹ́dà wí.

“N ò bèèrè ti ilé ìwé.” Màmá ti dìde. “Gbọ́ tèmi. Ohun tá a kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ nídìí agbada rèé. Bí ìpẹtà bá kan aṣọ, ọsàn ni kó o fi yọ ọ́. Má fi omi eérú kàn án, má fi ọṣẹ líle kàn án. Aṣọ tí òpè bá kọ́kọ́ fi omi eérú fọ̀, ìpẹtà yẹn yóò bá a dé sàárè. Ohun kíkan ń tú u, eérú ń dè é. Ṣé irọ́ ni?”

Ẹnu Oníbébà là díẹ̀. “Kì í ṣe irọ́, Màmá. Ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn. Àfi pé eérú tiwa, inú ìgò ló wà.”

“Omi irin ló kù.”

“Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi,” ni Wẹ́dà wí. Gbogbo wọn wò ó. “Ike ọtí kíkan tí mo ń bọ ìṣó tó dípẹtà sí kó lè mọ́. Oṣù kan rèé. Irin ti yọ́ sínú rẹ̀ débi pé ó ti pàwọ̀ dà.”

“Ọ̀dà ò sí níbẹ̀? Epo ńkọ́? Òjé ńkọ́?” Oníbébà ń bèèrè bí adájọ́.

“Ìṣó lásán ni. Èmi náà kì í da ìdọ̀tí sínú ọbẹ̀ mi.”

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án títí bébà á fi sọ̀rọ̀. Mo ní ilé mẹ́fà tí mo gbọ́dọ̀ dé. Agogo mẹ́ta, mo padà.”

Wọ́n rẹ èédú náà sínú ọtí kíkan Wẹ́dà nínú agbada, lójú oòrùn. Màmá ń lọ wò ó ní gbogbo ìgbà tó bá sá aṣọ kan tán. Ó kó eérú ìdáná, ó sẹ́ ẹ pẹ̀lú omi títí omi rẹ̀ fi ń yọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi eérú náà sínú agbada díẹ̀díẹ̀, ó ń fi igi rò ó. Ó kọ́kọ́ hó. Lẹ́yìn náà ó ki, ó di àwọ̀ ewé tó jẹrà.

“Ó ti bàjẹ́,” ni Oníbúrẹ́dì wí lórí ògiri. Láti àárọ̀ ni ọrùn rẹ̀ kò ti kúrò níbẹ̀.

“Dákẹ́, máa wò ó,” ni Màmá wí, ó sì ń ro lọ. Bí atẹ́gùn ṣe ń kan omi náà, etí agbada bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Pípọ́n náà rìn láti etí wá sí àárín, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọ̀sán tó ń di ìrọ̀lẹ́. Màmá gbàgbé àpótí, ó gbàgbé ọkọ̀. Ọ̀tá tó ti ń bá jà láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ń bí lọ́wọ́ ara rẹ̀ yìí, kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

Ó kó o jáde nínú agbada. Ó pọ́n, ó sì rin gbindin, oòrùn nìkan kò lè gbẹ ẹ́ kó tó di agogo mẹ́ta.

Oníbúrẹ́dì wúkọ́. “Búrẹ́dì àárọ̀ ti jáde. Iná ti kú nínú ààrò mi, ṣùgbọ́n ooru ṣì wà níbẹ̀.”

“Èédú nínú ààrò búrẹ́dì?” ni Màmá bi í.

“Ẹ gbé e wá kí n tó yí ọkàn padà. Ṣé omi tèmi lọ́tọ̀ ni?”

Wákàtí kan ló lò nínú ààrò. Nígbà tó jáde, Màmá ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, eruku pupa lọ. Ó ṣàn án lẹ́ẹ̀kejì, omi mọ́ díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bù fún ẹ̀ẹ̀kẹta, fún ẹ̀ẹ̀kẹrin, nítorí ọwọ́ tó ti ń ṣan nǹkan láti ogójì ọdún kì í mọ ibi tí yóò dúró. Ọwọ́ mìíràn di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Màmá, ó tó,” ni Ìyàwó wí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Wọ́n jọ bù ú sínú ìkòkò àárín. Omi àkọ́kọ́ tó kán, wọ́n dà á nù. Èkejì náà, wọ́n dà á nù. Agogo mẹ́ta ti lé díẹ̀ nígbà tí Oníbébà wọlé, ó ń mí gúlegúle, ó bu ẹ̀kẹta sínú ìgò rẹ̀, ó da ìyẹ̀fun méjèèjì sí i, ó dé e.

Ogún ìṣẹ́jú tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ń dúró de nǹkan, ojú rẹ̀ a máa wá ibi jókòó sí. Ojú Oníbébà jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá.

“Màmá, ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín. Àwọn kóókó wẹ́wẹ́ líle yìí, láti ìgbà wo?”

“Èyí? Ọwọ́ alágbàfọ̀ ni. Ọṣẹ ló ń ṣe é. Gbogbo ẹni tó bá ń fọṣọ ló ń ní i.”

Wẹ́dà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ náà jáde, ó ṣí i sí ẹ̀gbẹ́ ti ìyá rẹ̀. Kóókó kan náà, ní ibi kan náà. Wẹ́dà kò fọ aṣọ rí láyé rẹ̀. Gbogbo ilé máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀.

Màmá wo ọwọ́ méjèèjì. Ó wò wọ́n títí. Lórí ògiri, Oníbúrẹ́dì rọra yí ọwọ́ tirẹ̀ padà, ó wo inú rẹ̀, ó sì fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

“Oró kànga yẹn máa ń hù báyìí lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ gbé ara yín dé ilé ìwòsàn, ẹ̀yin méjèèjì,” ni Oníbébà wí. “Màá bá yín kọ̀wé lọ síbẹ̀.” Ó wo aago rẹ̀. “Ó ti pé.”

Ó yọ bébà náà. Kò funfun. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ̀yìn ewé tó ń rọ. Ó gbé e sí ara káàdì, ó sún un lọ, ó sì tún dá a padà sẹ́yìn.

“Ó wà lábẹ́ ìlà ewu.”

Wẹ́dà fi ẹ̀yìn ti ògiri.

“N ò ní tàn yín,” ni Oníbébà ń bá a lọ. “Ojú bébà yìí kò mú tó ti ẹ̀rọ tó wà nílé ìwé. Màá gbé ìgò kan lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó di ọjọ́ mẹ́ta. Kí n tó padà, Ìyàwó, omi rírà ni kẹ́ ẹ ṣì máa mu. Àti pé, Màmá.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Màá fẹ́ kẹ́ ẹ wá kọ́ wa ní ti eérú yẹn.”

“Ẹ̀yin onímọ̀ ìwé,” ni Màmá wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ ọmọ náà. Ìyàwó ló ń wò.

Ìgbà náà ni fèrè ọkọ̀ agogo mẹ́rin dún ní oríta. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń retí èsì, ó tún dún. Ìyàwó dìde. Ó rìn kọjá ọkọ rẹ̀, ó rìn kọjá asẹ́, ó dé ibi pẹpẹ ọṣẹ. Ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ó mú èkejì, ó kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀. Ó padà síbi àpótí, ó ṣí i, ó tò wọ́n sí àárín àwọn aṣọ ọmọ tó ti ká síbẹ̀, ó pa á dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó sì so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró rẹ̀.

“Bá mi gbé e wọlé,” ó wí fún ọkọ rẹ̀. “Ó wúwo.”

Wẹ́dà gbé e. Ẹnu ọ̀nà wá fẹ̀ bó ṣe yẹ kó fẹ̀.

Màmá dúró nínú àgbàlá. Aṣọ ìbùsùn oníbàárà náà ṣì wà lórí okùn pẹ̀lú àpá rúsúrúsú rẹ̀ ní àárín. Ó nawọ́ sí pẹpẹ láìronú, ọwọ́ náà sì bá afẹ́fẹ́ pàdé. Ó súnmọ́ fèrèsé yàrá.

“Ìyàwó mi. Ẹyọ kan péré ńkọ́? Aṣọ oníbàárà ni.”

“Ẹ sọ fún oníbàárà náà pé àwọ̀ tuntun ló dé, Màmá.”

Lẹ́yìn rẹ̀, omi ń kán nínú ìkòkò. Màmá ká aṣọ ìbùsùn náà, ó sì jẹ́ kí àpá rẹ̀ wà lókè.